Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ọgbà Màlúù Ìdílé ní Ilẹ̀ Ọ̀kun

Àwọn ìbéèrè tó ń padà wá láti Kàbbà, Ìjùmú, Mọ̀pà àti Yàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, la kó jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le.

Kí ni a ń pè ní ọgbà màlúù ìdílé?

Ilẹ̀ ìdílé ni, tí wọ́n fi wáyà tàbí igi yí ká, tí màlúù ń jẹko nínú rẹ̀, tó ń mu omi nínú rẹ̀, tó sì ń sùn síbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹran kì í jáde lọ wá oúnjẹ; ìdílé ló ń wá oúnjẹ fún un. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí dída ẹran kiri, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Tí koríko bá tán níwájú darandaran, yóò ṣí lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó ní ọgbà kò ní ibi tó máa ṣí lọ. Ohun tí ẹ kò bá kó pamọ́ nígbà òjò, ẹ ó fi owó rà á ní oṣù kejì, bí ẹ bá tilẹ̀ rí i rà.

Ẹni tí kò sin màlúù rí, mélòó ni kó fi bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ wo ló sì máa tó o?

Abo mẹ́rin tàbí márùn-ún àti akọ kan tó ṣì ń dàgbà ti tó fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Ẹ má yá akọ ẹlòmíràn láti fi owó pamọ́: akọ tó ń ti agbo kan bọ́ sí òmíràn lè kó àrùn tó ń mú oyún wálẹ̀ wọ inú ẹran yín, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ọdún yóò fi yí po láìsí ọmọ.

Lórí koríko tó hù fúnra rẹ̀, ẹ fi hẹ́kítà méjì sí mẹ́ta wéwèé fún màlúù kan. Tí ẹ bá gbin koríko, tí ẹ sì ń gé oúnjẹ wá fún wọn, ilẹ̀ tó kéré sí i yóò tó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á fi bí koríko ṣe ga ní oṣù kẹsàn-án díwọ̀n iye ẹran tí ilẹ̀ lè gbà. Oṣù kejì ni kí ẹ lọ wo ilẹ̀ náà.

Irú màlúù wo ló bá ilẹ̀ wa mu?

Bunaji, màlúù funfun tó ní iké tí gbogbo wa mọ̀, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń mú mílíìkì wá, ó ní ẹran lára, ó sì wà lọ́jà nígbà gbogbo. Sokoto Gudali sanra jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ oúnjẹ tó dáa. Rahaji pupa tó ga, tí ìwo rẹ̀ gùn, jẹ́ ẹran ilẹ̀ gbígbẹ òkè lọ́hùn-ún. Ìgbà òjò wa máa ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Tí ọgbà yín bá wà nítòsí odò Kampe tàbí odò Oyi, tí igbó etí odò ṣì dí, ẹ ronú nípa màlúù tí wọ́n ń pè ní kétékú. Ẹ̀jẹ̀ mùtúrù, màlúù kékeré tí kò ní iké, wà lára rẹ̀, nítorí náà ó máa ń fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri ju Bunaji lọ. Kò tóbi, owó rẹ̀ lọ́jà kò sì ga, ṣùgbọ́n ó máa ń wà láàyè níbi tí àwọn yòókù ti ń rù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ọjọ́ orí màlúù lọ́jà?

Ẹ ya ẹnu rẹ̀ kí ẹ wo eyín iwájú ìsàlẹ̀. Màlúù kò ní eyín iwájú lókè, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn já yín láyà. Ìsàlẹ̀ ní eyín mẹ́jọ. Eyín ọmọdé kéré, ó sì funfun. Eyín àgbà fẹ̀ bí ṣọ́bìrì kékeré. Tí eyín àgbà bá jẹ́ méjì láàárín, ẹran náà ti tó bí ọmọ ọdún méjì tàbí méjì ààbọ̀. Mẹ́rin, ó ń sún mọ́ ọdún mẹ́ta. Mẹ́jọ tó pé, ó ti tó ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀. Tí eyín bá ti jẹ dé ìdí, tí àlàfo ti wà láàárín wọn, arúgbó ni wọ́n ń tà fún yín.

Ẹ jẹ́ kó rìn síwájú kó sì padà, kí ẹ wo pátákò rẹ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ ọmú abo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá le bí òkúta ti ní àrùn ọmú rí. Tí ẹ bá dé ilé, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ẹran ilé. Ibi ọ̀tọ̀, ọpọ́n omi ọ̀tọ̀, fún ọjọ́ 30.

Iṣẹ́ wo là ń ṣe lójúmọ́ kan, ta ló sì ń ṣe é?

Ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tíì mọ́ tán kí ẹnì kan tó dé ibi tí ẹran sùn. Kó má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Kó kàn dúró wò wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ń kà wọ́n. Ó ń wo èyí tó dá dúró, èyí tí kò jẹ àpọ̀jẹ, èyí tí etí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Imú màlúù tó lera máa ń tutù, omi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sì máa ń wà lórí rẹ̀ bí ìrì. Tí imú bá gbẹ tó sì ń pá, ara ẹran náà ń gbóná. Ẹlẹ́bọ́tọ tó dáa máa ń tẹ́ sílẹ̀ bí àwo. Èyí tó ṣàn bí omi tàbí tó le bíi ti ewúrẹ́ ní ohun tó ń sọ. Àárọ̀ yìí ni ìdílé tí ẹran rẹ̀ kì í kú fi yàtọ̀ sí èyí tí ẹran rẹ̀ ń kú. Ẹnì kan náà ni kó máa ṣe é, nítorí ẹni tó rí wọn lánàá ló lè mọ̀ pé nǹkan yí padà lónìí.

Lẹ́yìn ìyẹn la ń fún mílíìkì, a ó kó ẹlẹ́bọ́tọ, a ó fọ ọpọ́n omi. Nígbà òjò, ẹ má da ẹran sórí koríko títí ìrì yóò fi gbẹ, nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án: ọmọ aràn máa ń gun orí koríko nígbà tí ìrì ṣì wà. Ọ̀sán ganrínganrín, abẹ́ ibòji. Ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún jẹko, kí wọ́n tó wọlé kí a sì kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ń kà wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ á wo abẹ́ ìrù, inú etí àti àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bóyá eégbọn wà.

Àwọn ọmọ lè fọ ọpọ́n kí wọ́n sì so ọmọ màlúù mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ tó bá máa jẹ́ kí wọ́n pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́, ẹ fi fún àgbà. Ẹ sì ti pinnu ṣáájú ẹni tí yóò wà lọ́gbà ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ òkú àti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọjọ́ tí gbogbo ilé lọ síbi ayẹyẹ ni ọpọ́n omi máa ń gbẹ.

Omi mélòó ni màlúù ń mu?

Àgbà màlúù ń mu líta 30 sí 50 lójúmọ́, ó sì máa ń sún mọ́ 50 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti gbẹ. Màlúù 20 lórí líta 45 jẹ́ líta 900. Ìyẹn ni pé táǹkì olómi líta 1,000 kò ní ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ gbẹ́ kànga tàbí bóòhóólù kí ẹ tó ra ẹran, kí ẹ sì rí i pé omi wà nínú rẹ̀ ní oṣù kẹta, nígbà tí omi ilẹ̀ lọ sílẹ̀ jù.

Omi odò dà bí ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n etí odò ni eṣinṣin tsetse ń gbé. Ẹ fa omi wá sínú ọgbà dípò kí ẹ máa da ẹran lọ sí odò. Ọpọ́n tí kò bá ní òkúta tàbí sìmẹ́ǹtì yí ká máa ń sọ ibẹ̀ di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ló sì ń mú pátákò jẹrà.

Wáyà mélòó ni mo nílò fún ọgbà?

Ilẹ̀ hẹ́kítà 10 tó ní igun mẹ́rin tó dọ́gba jẹ́ nǹkan bíi mítà 316 ní ẹ̀gbẹ́ kan, mítà 1,265 yí po. Ìlà wáyà ẹlẹ́gùn-ún márùn-ún jẹ́ kìlómítà 6.3. Tí òpó bá jìnnà síra ní mítà 3, ẹ nílò nǹkan bí òpó 420. Ìlà òkè gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.3, ìsàlẹ̀ kó má ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ, kí ọmọ màlúù má baà yọ́ kọjá.

Òpó tó ń hù ló ń dín owó kù. Agúnmániyè àti akòko máa ń yọ ewé tí ẹ bá gbìn wọ́n ní oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, ikán kì í sì sábà jẹ igi tó wà láàyè. Lápálápá dáa fún ìlà kejì nínú, nítorí màlúù kì í jẹ ẹ́. Níbi ẹnu ọ̀nà àti ibi tí ìṣàn omi ti gba abẹ́ wáyà kọjá ni ẹran ti máa ń jáde. Ẹ máa ṣọ́ ibẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá.

Kí ni màlúù máa jẹ láti oṣù kejìlá dé oṣù kẹrin?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú ìwé yìí. Koríko tó dúró lórí ilẹ̀ ní oṣù kìíní máa ń kún ikùn, ṣùgbọ́n kò sí agbára nínú rẹ̀, iná ìgbẹ́ sì lè jó gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sán kan. Ẹ gé koríko nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó, ìparí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, kí ẹ sá a sí oòrùn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ máa yí i. Tí ẹ bá lọ́ ọ lọ́wọ́ tó ń dún, tí kò sì rọ̀, ó ti tó láti dì. Tí ẹ bá dì í nígbà tó ṣì tutù, yóò gbóná nínú, yóò sì hu. Koríko tó ti hu ni kí ẹ má ṣe fún ẹran.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Màlúù 10, kílò 6 lójúmọ́, ọjọ́ 120: kílò 7,200. Tí ìdì kan bá wúwo tó kílò 15, ẹ nílò ìdì 480. Ẹ ka ìdì yín ní oṣù kọkànlá. Tí kò bá tó, ẹ ta ẹran méjì nígbà yẹn tí ara wọn ṣì dán, ẹ má dúró di oṣù kẹta tí ẹ ó ta egungun.

Àgbàdo tí wọ́n gé nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, lè wà nínú kòtò fún oṣù púpọ̀ láìbàjẹ́. Kòtò mítà 5 gígùn, mítà 2 fífẹ̀, mítà 1.2 jíjìn gba nǹkan bíi kílò 6,000, ìyẹn kílò 10 fún màlúù 10 fún ọjọ́ 60. Ẹ tẹ́ ọ̀rá náílọ̀nù sí i, ẹ kó o sínú rẹ̀ ní ìpele ìpele, kí ẹ máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ẹsẹ̀ kò fi ní rì mọ́. Afẹ́fẹ́ ló ń bà á jẹ́. Ẹ bò ó pa, ẹ da iyẹ̀pẹ̀ lé e, ẹ má ṣí i kí ọjọ́ 21 tó pé. Èyí tó dáa máa ń rùn bí ògì kíkan. Tó bá rùn bí ohun tó jẹrà, tó sì ń yọ̀, ẹ dà á nù.

Pòròpórò àgbàdo àti ti ọkà bàbà lè rọ̀ sí i pẹ̀lú ajílẹ̀ yúríà: kílò 4 yúríà nínú líta 50 omi fún kílò 100 pòròpórò, kí ẹ wọ́n ọn káàkiri, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì tú u síta kó fẹ́ afẹ́fẹ́ ọjọ́ kan kí ẹran tó jẹ ẹ́. Omi yúríà tó ṣẹ́kù nínú báàgì tàbí páànù, ẹ dà á síbi tí màlúù kò lè dé. Bí ó bá mu ún, yóò pa á.

Ṣé èèpo ẹ̀gẹ́ kì í pa màlúù?

Èèpo tútù lè pa á, pàápàá ti ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ẹ sá a sí oòrùn gbígbóná fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí yóò fi ṣẹ́ wẹ́rẹ́ lọ́wọ́, oró inú rẹ̀ yóò fò lọ. Èèpo gbígbẹ pẹ̀lú ewé agúnmániyè, ewé ẹ̀wà tàbí èérí èkùrọ́ jẹ́ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn tó dára gan-an, ó sì wà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ní ilẹ̀ wa. Ẹ ṣa ọ̀rá àti irin kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀rá kì í dà nínú ikùn.

Irú oró kan náà wà nínú ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e. Kó ga kọjá orúnkún dáadáa kí ẹran tó wọ ibẹ̀. Màlúù tó jẹ oró yìí máa ń mí gúlegúle, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á sì ṣubú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan. Dókítà ẹranko ní abẹ́rẹ́ sodium thiosulfate fún un, bó bá tètè dé.

Èso kajú ń jẹrà nílẹ̀ láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin. Ṣé kí a fún màlúù?

Bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀. Ẹ yọ kóró rẹ̀ kúrò, nítorí epo inú èèpo kóró náà ń bó ẹnu. Ẹ là á, kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ pò ó mọ́ èérí àgbàdo. Èyí tó ti jẹrà tó sì ń hó ti di ọtí, yóò mú ẹran ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, yóò sì da inú rẹ̀ rú.

Mílíìkì mélòó la máa rí, báwo la sì ṣe ń fi ṣe wàrà?

Lára Bunaji tó ń jẹko nìkan, líta kan sí méjì lójúmọ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti mu tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fa ọmú díẹ̀ kí mílíìkì lè sọ̀, kí ẹ wá fà á sẹ́yìn. Ẹ fọ ọmú, ẹ nù ún gbẹ, ẹ da ìfún àkọ́kọ́ sórí aṣọ dúdú. Tí ó bá ní hóróhóró tàbí ẹ̀jẹ̀, ọmú náà ń ṣàìsàn.

Fún wàrà, ẹ gbé mílíìkì tútù ka iná kékeré. Ẹ gún ewé bọ̀mùbọ̀mù díẹ̀, ẹ po omi rẹ̀ mọ́ mílíìkì nígbà tó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ má ro ó mọ́. Bí iná ṣe ń gbóná, mílíìkì á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, omi àwọ̀ ewé díẹ̀ á sì yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà náà ni kí ẹ fi ṣíbí kó o sínú ajere tàbí agbọ̀n kékeré kó ro. Líta márùn-ún mílíìkì máa ń fún ni ní nǹkan bíi kílò kan. Bọ̀mùbọ̀mù tó pọ̀ jù máa ń jẹ́ kó korò, oje rẹ̀ sì léwu fún ojú. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Mílíìkì tí a kò sè lè kó àrùn ran èèyàn, ẹ má fún ọmọdé mu ní tútù.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé abo ń wá akọ?

Kì í jókòó, ó ń ké, ó ń gun àwọn abo mìíràn, omi tó fà bí ewédú ń jáde lábẹ́ ìrù rẹ̀. Àmì tó dájú ni pé tí òmíràn bá gùn ún, yóò dúró jẹ́ẹ́. Ó máa ń tó wákàtí 12 sí 18, ó sì máa ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 21. Akọ àgbà kan tó fún abo 20 sí 25. Ẹ pààrọ̀ akọ kí ọdún mẹ́ta tó pé lọ́wọ́ yín, kó má baà gun àwọn ọmọ tó bí. Oyún jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 283.

Màlúù ń rọbí. Ìgbà wo ni kí n pe dókítà?

Lẹ́yìn tí àpò omi bá ti bẹ́, ẹsẹ̀ iwájú méjì àti imú lórí wọn ló yẹ kó yọ. Tí wákàtí méjì bá kọjá tí ohunkóhun kò yọ, tàbí tí ìrù nìkan, orí nìkan, tàbí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá yọ, ẹ pè é lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi okùn fa ọmọ tí kò dúró dáadáa. Ẹ ó fa ìyá ya.

Ọmọ tó bá jáde, ẹ nu imú rẹ̀, ẹ fi iodine sí ìdodo rẹ̀, ẹ rí i pé ó mu mílíìkì àkọ́kọ́ tó pọ́n tó sì ki láàárín wákàtí mẹ́fà. Ààbò tí kò bá tinú mílíìkì yẹn gbà, kò ní í rí i gbà mọ́. Tí ibi ọmọ kò bá wálẹ̀ láàárín wákàtí 24, iṣẹ́ dókítà ni. Ẹ má so òkúta mọ́ ọn, ẹ má sì fà á.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wo la ń gún?

Ti àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó ń ràn, lọ́dọọdún. Ti anthrax, àrùn tó ń pa ẹran lójijì, lọ́dọọdún. Ti àrùn itan dúdú tó ń pa ọ̀dọ́ ẹran, láti oṣù mẹ́fà lọ. Ti àrùn ẹnu àti pátákò, ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà níbi tó bá wà. Ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ́fíìsì dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí ẹ ti béèrè. Gbogbo ẹran ni kí ẹ gún lọ́jọ́ kan náà.

Abẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wà nínú yìnyín láti ibi tí ẹ ti rà á. Ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti anthrax jẹ́ kòkòrò tó wà láàyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára. Ẹni tó bá gún òògùn apakòkòrò bí oxytetracycline tàbí penicillin pọ̀ mọ́ ọn ti fi òògùn pa àjẹsára rẹ̀.

Màlúù ń jẹun, síbẹ̀ ó ń rù. Ṣé aràn ni?

Ó lè jẹ́ aràn, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ẹ ronú nípa àrùn eṣinṣin tsetse. Irun rẹ̀ á le, omi á máa jáde lójú, ibà á wá, á lọ, á tún padà. Ẹ fà ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀: inú rẹ̀ tó yẹ kó pọ́n á funfun. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó gún un, nítorí eégbọn náà ń kó àrùn tó jọ ọ́. Fún aràn, ẹ fún gbogbo wọn lóògùn nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá parí. Ẹ má fún abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún ní òògùn aràn tó ń jẹ́ albendazole.

Mi ò ní òṣùwọ̀n. Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n òògùn?

Téèpù télọ̀ tó. Ẹ wọn àyà rẹ̀ yí po lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ wọn gígùn láti orí èjìká dé egungun ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Àyà lọ́nà àyà, lọ́nà gígùn, kí ẹ pín in sí 10,840. Bí àyà bá jẹ́ 150, tí gígùn jẹ́ 125: 150 × 150 × 125 jẹ́ 2,812,500, tí a bá pín in, kílò 259.

Diminazene, òògùn àrùn eṣinṣin tsetse, tí wọ́n ti po, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílílítà kan fún kílò 20, yóò jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 13 fún ẹran yìí, jinlẹ̀ sínú ẹran ara. Ivermectin, òògùn aràn, mílílítà kan fún kílò 50 yóò jẹ́ díẹ̀ lé ní 5, lábẹ́ awọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú díwọ̀n, wọ́n sì ń gún ìdajì. Ìdajì kì í pa kòkòrò tán, àwọn tó ṣẹ́kù ló ń bí èyí tí òògùn kò ràn mọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gún un sílẹ̀, ẹ má ta mílíìkì tàbí ẹran rẹ̀ títí iye ọjọ́ tó wà lára ìgò yóò fi pé.

Ikùn wú lójijì ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ń dún bí ìlù. Kí la máa ṣe?

Ẹ gbé oúnjẹ kúrò, ẹ jẹ́ kí iwájú rẹ̀ wà lókè, kí ẹ̀yìn wà ní ìsàlẹ̀. Ẹ wo ọrùn bóyá máńgòrò tàbí ẹ̀gẹ́ há sí i. Ẹ fi igi kékeré dábùú ẹnu rẹ̀ kó lè máa jẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹ fi ìgò rọra dà tó mílílítà 300 sí 500 òróró ẹ̀pà sí i. Ẹ má gbé orí sókè jù, kó má baà gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Tó bá ti dùbúlẹ̀, tí ahọ́n ti yọ síta, tí dókítà kò sì lè dé, gígún ikùn ló kù. Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan, láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí, kí ẹnu irin kọjú sí ìgbọ̀nwọ́ iwájú ọ̀tún. Ẹni tí dókítà ti kọ́ ṣáájú ni kó ṣe é.

Màlúù kú lójijì, ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jáde nímú àti ní ìdí. Ṣé a lè jẹ ẹ́?

Rárá. Ẹ má là á, ẹ má bó awọ rẹ̀, ẹ má gbé e sínú ọkọ̀. Anthrax nìyẹn títí dókítà yóò fi sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń pa èèyàn. Ní oṣù keje ọdún 2023, ó jáde ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger tó bá wa pààlà. Ojú ọ̀bẹ tó là á ló ń jẹ́ kí kòkòrò rẹ̀ rí afẹ́fẹ́, kó sì sọ ara rẹ̀ di hóró tó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ fi igi lé àwọn ajá sẹ́yìn, ẹ bo òkú náà, ẹ pe dókítà ìjọba ìbílẹ̀. Ó dùn wá pé owó ńlá ni yóò wọlẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wọlẹ̀.

Ṣé mo lè fi màlúù mi fún Fúlàní sìn ní àgbàsìn?

Ó ti wà tipẹ́, ó sì dáa nígbà tí ọ̀rọ̀ bá yé tọ̀tún-tòsì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ń ra òògùn, ta ló ni mílíìkì, ọmọ kelòó ló jẹ́ ti ẹni tó ń sìn. Ẹ fi nọ́ńbà sí etí ẹran. Tí òmíràn bá kú, ẹ ní kí wọ́n mú etí tó ní nọ́ńbà náà wá, àfi tó bá jọ anthrax. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yín gbọ́dọ̀ gba owó oṣù, ilé àti oúnjẹ; ẹni tí ebi ń pa kò ní ṣọ́ ẹran yín lóru.

Màlúù wa wọ oko aládùúgbò. Kí la máa ṣe?

Ẹ lọ fúnra yín, ní ọjọ́ náà, kó tó wá bá yín. Kí ẹ̀yin àti onílé oko jọ ka ebè iṣu tí wọ́n tẹ̀, àti pòròpórò àgbàdo tó ṣẹ́, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí kan tí ẹ̀yin méjèèjì bọ̀wọ̀ fún. Ẹ san án kí ẹ tó lọ tún wáyà ṣe, ẹ má sì fi owó ṣe é bí ẹni ń ṣàánú. Iṣẹ́ ọdún kan ni ebè náà jẹ́ fún ẹni tó kọ ọ́.

Bàbá ló ra màlúù, àwọn ọmọ ló ń sìn ín. Ta ló ni àwọn tí wọ́n bí?

Ìdílé tó bá dúró di ọjọ́ ikú kó tó béèrè èyí yóò jà. Ìlànà tó máa ń rọrùn jù ni pé ọmọ ń tẹ̀lé ìyá: ẹni tó ni nọ́ńbà abo ló ni ọmọ tó bí. Owó oúnjẹ àti òògùn á pín bí iye ẹran oníkálukú bá ṣe tó. Ọmọ tó ń dìde láàárọ̀ lọ ka ẹran gbọ́dọ̀ ní èrè ọ̀tọ̀, yálà owó oṣù tàbí abo kan lọ́dún, kí àwọn tó wà ní Lọ́kọ́ja tàbí Àbújá mọ̀ ọ́n ṣáájú, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ẹ ní ìwé kan: nọ́ńbà, ìyá, ọjọ́ ìbí, ẹni tó ni ín, abẹ́rẹ́, ọjọ́ títà àti iye. Ẹ kà á sí gbogbo ilé létí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà tí àwọn ará ìlú òkèèrè bá wálé ní oṣù kejìlá. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé mìíràn, nítorí ikán àti iná kò mọ ìwé.